HMS Fearless lọ sí Falkland: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò, oṣù Kẹrin sí oṣù Keje ọdún 1982

Ọkọ̀ ogun yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn nítorí ìbọn. Ìbọn Bofors milimítà 40 méjì àti ẹ̀rọ mísáìlì Seacat mẹ́rin ni gbogbo ohun ìjà tó wà lára rẹ̀, ayé sì ti kọjá irú wọn kí ogun yìí tó dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ọmọ ogun, mọ́tò àti ẹrù dé etíkun tí kò ní èbúté, kó sì sọ wọ́n kalẹ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ Harland and Wolff ní Belfast ló kàn án. Wọ́n tì í sómi ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1965. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 158, ìwúwo rẹ̀ tọ́ọ̀nù 12,120, oru omi láti inú bọ́ílà méjì ló ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, eré rẹ̀ kò sì ju nọ́ọ̀tì 21 lọ. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òṣèlú Áfíríkà ti lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: nínú rẹ̀, ní Gibraltar, ni Harold Wilson, olórí ìjọba Bìrìtéènì, àti Ian Smith, olórí ìjọba Rhodesia, ti jókòó sọ̀rọ̀ Rhodesia ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, tí wọn kò sì fẹnu kò.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Abẹ́ pèpéle tí hẹlikópítà ń bà lé ṣófo, dọ́ọ̀kì ni, ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní LCU sì dúró síbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó mítà 26, ó lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 100 tàbí ènìyàn tó lé ní 100. Mẹ́rin mìíràn tó kéré jù wọ́n lọ, LCVP, rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lókè. Ènìyàn bíi 35 ni ọ̀kan ń gbà. Bí wọ́n bá fẹ́ tú àwọn LCU sílẹ̀, wọn yóò fa omi òkun sínú àwọn táǹkì ẹ̀yìn títí ìdí ọkọ̀ yóò fi rì. Ẹ̀yìn tó máa ń wọ omi ní nǹkan bíi mítà 6.2 yóò wọ̀ ọ́ tó mítà 9.8, ìwúwo ọkọ̀ yóò sì di tọ́ọ̀nù 16,950. Omi á wọ dọ́ọ̀kì, wọ́n á sọ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kalẹ̀, àwọn LCU á léfòó, wọ́n á sì fi ẹ̀yìn rìn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yàtọ̀ sí NNS Kada ti Nàìjíríà, tó ń lọ gún etíkun fúnra rẹ̀, tó sì ń ṣílẹ̀kùn láti iwájú. Fearless kì í sún mọ́ iyanrìn. Ìdí nìyẹn tí iye ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ rẹ̀ fi jẹ́ òṣùwọ̀n agbára rẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́.

Aago GMT ni gbogbo aago inú àkọsílẹ̀ yìí. Òun ni àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago Falkland fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, Portsmouth

Ajẹntínà ti gba Falkland, erékùṣù tó wà lábẹ́ Bìrìtéènì ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ní ọjọ́ 2. Hermes àti Invincible, àwọn ọkọ̀ tó ń gbé bàálù, ti lọ ní ọjọ́ 5. Fearless jáde lónìí lábẹ́ àṣẹ Captain Jeremy Larken. Lójú omi Channel ni hẹlikópítà ti gbé Commodore Michael Clapp, olórí gbogbo ọkọ̀ ìgúnlẹ̀, àti Brigadier Julian Thompson ti 3 Commando Brigade wá bá a. Ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ gbé, nítorí pé ọ̀gá ọkọ̀ ló ń sọ ibi tí omi jìn tó, ọ̀gá ológun orí ilẹ̀ ló ń sọ ibi tó fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ ogun òun kọ́kọ́ tẹ̀. Bí wọn kò bá lè jókòó ti àwòrán ilẹ̀ kan náà, ìgúnlẹ̀ ti bà jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Fearless àti Intrepid, ìkejì rẹ̀, nìkan ni wọ́n kàn pẹ̀lú yàrá àṣẹ tó gba irú ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n má sì ní ọ̀kankan. Ní ọdún 1981, àtúntò ológun tí Mínísítà John Nott gbé jáde ti ní kí wọ́n pa ọkọ̀ méjèèjì tì. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń kó ẹrù kúrò nínú Intrepid. Ó di ọjọ́ 26 oṣù yìí kó tó lè kúrò ní Portsmouth.

Ọjọ́ 7 sí 16 oṣù Kẹrin, lójú òkun

Ojú ọjọ́ ń móoru bí wọ́n ṣe ń lọ sí gúúsù. Ìdánrawò, ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì, ìpàdé lórí ìpàdé. Ìṣòro tó ń gba ọkàn àwọn olórí ni ẹrù. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi kó o sínú gbogbo ọkọ̀, bó ṣe dé èbúté ni wọ́n ṣe jù ú sí i. Ẹrù ìgúnlẹ̀ kò gba irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ lò létíkun ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó wọlé kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ tó ń kó èrò Ìlọrin láti Èkó ni: ẹrù ẹni tó máa bọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹrù ẹni tó ń lọ dé òpin. Ọta ìbọn wà lábẹ́ àgọ́, oúnjẹ wà lábẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé tí wọ́n sì kọ ẹrù sí kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, Ascension

Wọ́n dé erékùṣù Ascension. Lọ́jọ́ yìí kan náà ni Admiral Fieldhouse, olórí gbogbo iṣẹ́ náà, fò wá láti Bìrìtéènì láti bá àwọn ọ̀gá ṣèpàdé nínú Hermes. Ascension wà ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, ó ní pápákọ̀ òfurufú tó gùn dáadáa, Wideawake, ṣùgbọ́n kò ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè so mọ́. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó bá fẹ́ kúrò nínú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, hẹlikópítà ni yóò gbé e rọ̀ sábẹ́, tàbí kí ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ wá gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ìgbì ń gbé méjèèjì lọ sókè sódò.

Ìparí oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, Ascension

Níbí ni a ti lè sọ pé wọ́n gba ogun náà là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìbọn kankan tó dún. Wọ́n tú ẹrù palẹ̀, wọ́n sì tún un kó. Àwọn ọmọ ogun lọ sórí ilẹ̀ láti yin ìbọn wọn kí wọ́n lè tún ojú ìfojúsùn rẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ nínú ọkọ̀. Wọ́n tún fi àwọn LCU dán ìgúnlẹ̀ wò. Ohun tí ìdánrawò yẹn kọ́ wọn kò dùn: ọmọ ogun tó ru ẹrù wíwúwo, tí kò rí iwájú lóru, kì í yára gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ èrò sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré. Canberra tó kó ọmọ ogun tó pọ̀ jù lọ, ọkọ̀ afẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Wọn kò kàn án fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ tí kò lè sáré, irú Sir Galahad àti Sir Tristram, ló kọ́kọ́ gbéra. Fearless, pẹ̀lú Intrepid tó ti dé bá a, tẹ̀ lé wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó kù bí máìlì 3,800.

Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, lójú òkun

Thompson pe àwọn ọ̀gá abẹ́ rẹ̀ jọ nínú Fearless, ó sì fún wọn ní àṣẹ ìgúnlẹ̀. San Carlos ni ibi tí wọ́n mú, ní ìwọ̀ oòrùn East Falkland, tó jìnnà sí Stanley, olú ìlú Falkland, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ajẹntínà wà. Àwọn òkè tó yí omi náà ká ni ìdí rẹ̀. Mísáìlì Exocet tó bá ń wá ọkọ̀ lórí omi yóò dàrú láàárín ilẹ̀ gíga. Awakọ̀ òfurufú tó bá fò kọjá orí òkè kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ láti rí ọkọ̀, láti fojú sùn ún àti láti ju bọ́ǹbù. Ẹnu ọ̀nà omi náà sì há, ọkọ̀ abẹ́ omi kò lè wọlé bó ṣe wù ú. Owó tí wọ́n san fún èyí ni pé rédà àwọn ọkọ̀ tiwọn náà kò ríran kọjá òkè yẹn.

Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, lójú òkun

Canberra ru batálíọ̀nù mẹ́ta. Bí bọ́ǹbù kan bá bà á, ìgúnlẹ̀ ti parí nìyẹn. Àṣẹ dé pé kí wọ́n pín wọn: 40 Commando bọ́ sínú Fearless, 3 Para bọ́ sínú Intrepid. Irú iṣẹ́ yìí lè le gan-an lójú òkun gúúsù lóṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n òkun rọ̀ lọ́jọ́ náà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe retí lọ, àwọn LCU sì kó wọn kọjá. Fearless, tó ní àyè fún ọmọ ogun 400 lọ́nà ìrọ̀rùn, kún dé ọ̀nà àbákọjá. Ibi tí àyè bá wà ni olúkúlùkù ń sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, hẹlikópítà Sea King tó ń kó àwọn ọmọ ogun àkànṣe SAS láti Hermes lọ sí Intrepid já sómi. Ènìyàn 22 ló kú.

Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún

Kùrukùru àti ìkùukùu bo ojú òkun ní gbogbo ọ̀sán. Ohun tí atukọ̀ mìíràn ìbá ṣépè fún ni wọ́n ń gbàdúrà sí: bàálù Ajẹntínà kò rí wọn. Lálẹ́, ọ̀wọ́ ọkọ̀ náà wọ Falkland Sound.

Ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, ẹnu omi San Carlos

Aago 6:30 ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tẹ iyanrìn, ìyẹn 2:30 òru níbẹ̀. Fearless àti Intrepid dúró lẹ́yìn òde omi San Carlos láti tú ọkọ̀ wọn sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti dá wọn dúró. Ètò pọ́ǹpù tó ń fa omi sínú táǹkì Fearless kọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tún un ṣe, wákàtí ń lọ, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá àwọn ọkọ̀ níta gbangba. Larken yàn láti ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kí òkun fúnra rẹ̀ ya wọlé. Ewu ni, nítorí omi tó bá ya wọ dọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà lè gbé LCU tó kún fún ènìyàn lu ògiri, kó sì gbo ọkọ̀ ńlá náà fúnra rẹ̀ jìgìjìgì. Ó ṣiṣẹ́. Àwọn LCU jáde.

Ìdádúró kejì kò ní ẹ̀rọ nínú. 2 Para ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú Norland, ọkọ̀ akérò tí kò ní dọ́ọ̀kì, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe rí i ní Ascension: òkùnkùn, ẹrù ẹ̀yìn, ẹnu ọ̀nà tóóró. Ọmọ ogun kan já sáàárín Norland àti ọkọ̀ ìgúnlẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ fi bíi wákàtí kan jẹ ìgúnlẹ̀ lẹ́yìn. Ewen Southby-Tailyour, ọ̀gá Royal Marines tó ti fi ọkọ̀ ojú omi onígbòkun yí erékùṣù náà ká ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, tó sì ti ya àwòrán etíkun rẹ̀ fúnra rẹ̀, ló darí àwọn ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ ìgbà ìsinmi ọkùnrin kan wá di àwòrán ojú omi tó dára jù lọ tí gbogbo ọmọ ogun Bìrìtéènì ní lọ́wọ́.

40 Commando àti 2 Para bọ́ sí San Carlos. Ìrìn kejì kó 45 Commando sí Ajax Bay, ó sì kó 3 Para sí Port San Carlos. Nínú díẹ̀ lára àwọn LCU, ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ Scorpion àti Scimitar ni wọ́n fi síwájú, kí ìbọn wọn lè dáhùn bí ẹnikẹ́ni bá yìnbọn láti etíkun. Kò sẹ́ni tó dúró dè wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fearless wọ inú omi San Carlos lọ.

Láti ọ̀sán ni bàálù ti dé. Ọkọ̀ ogun Ardent rì, bọ́ǹbù ba ọkọ̀ ogun Antrim àti Argonaut. Bí 3,000 ènìyàn ti wà lórí ilẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Ní òru, Canberra jáde lọ sójú òkun, ẹrù àwọn batálíọ̀nù sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé inú ọkọ̀ ni ẹrù yóò máa wà, kí wọ́n máa gbé ohun tí wọ́n bá fẹ́ wá lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ètò náà gbé. Láti ìgbà yẹn, òru ni ọkọ̀ ẹrù ń wọlé, ohun gbogbo sì gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀ ní Ajax Bay.

Ọjọ́ 22 sí 25 oṣù Karùn-ún, omi San Carlos

Ọjọ́ 23: bọ́ǹbù wọ inú ọkọ̀ ogun Antelope láìbú. Ó bú nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti tú u. Colour Sergeant Brian Johnston, tó ń wa Foxtrot Four, ọ̀kan nínú àwọn LCU Fearless, wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń jó náà láti kó ènìyàn kúrò, bí bọ́ǹbù mìíràn tilẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 24: bọ́ǹbù ba Sir Galahad àti Sir Lancelot, kò bú. Kì í ṣe àwámáàrídìí. Fíúùsì, ohun tó ń mú bọ́ǹbù bú, nílò àkókò díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kó tó jí, àwọn awakọ̀ Ajẹntínà sì ń fò sílẹ̀ gan-an kí mísáìlì má baà rí wọn mú. Bọ́ǹbù ń bá ọkọ̀ kí fíúùsì tó ṣetán. Àwọn òkè San Carlos ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi gbọ́dọ̀ fò bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àṣàyàn ọjọ́ 13 ti ń sanwó padà.

Ọjọ́ 25: ọkọ̀ ogun Coventry rì. Ní ìta, Exocet ba ọkọ̀ ẹrù Atlantic Conveyor, hẹlikópítà Chinook mẹ́ta àti Wessex mẹ́fà sì bá a lọ, pẹ̀lú àgọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Chinook kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ẹrù tí hẹlikópítà ìbá gbé wá di ti ẹsẹ̀ ọmọ ogun àti ti ọkọ̀ ìgúnlẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún

Bàálù ju bọ́ǹbù sí Ajax Bay. Méjì há sínú ilé tí wọ́n fi ṣe ilé ìwòsàn, wọn kò bú, àwọn dókítà sì ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìbọn Bofors, tí ọ̀pọ̀ ti kà sí ẹrù àtijọ́, já bàálù Skyhawk kan bọ́. Fearless tàbí Intrepid ló ni ín. Ọkọ̀ méjèèjì ló ń yìnbọn.

Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà

General Jeremy Moore dé inú Fearless láti gba àṣẹ gbogbo iṣẹ́ orí ilẹ̀. 5 Infantry Brigade náà dé San Carlos. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n lọ sí Fitzroy àti Bluff Cove ní gúúsù, ṣùgbọ́n kò sí hẹlikópítà tó tó. Ojú omi ló kù.

Lálẹ́ ọjọ́ 5, Intrepid gbé Scots Guards, batálíọ̀nù kan nínú 5 Brigade. Wọn kò jẹ́ kó sún mọ́ Bluff Cove, nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù Exocet tí Ajẹntínà gbé ka ilẹ̀ ní Stanley, Londonu kò sì fẹ́ gbọ́ pé ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjèèjì rì. Ẹ̀gbẹ́ Lively Island ló ti tú LCU mẹ́rin sílẹ̀. Wákàtí bíi méje ni wọ́n lò nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, ìgbì ń rọ́ lé wọn lórí. Wọ́n dé, ṣùgbọ́n òtútù ti mú wọn dé egungun.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, ìta Lively Island

Ìgbà ti Fearless kàn láti gbé Welsh Guards, batálíọ̀nù mìíràn nínú 5 Brigade. Àwọn LCU Intrepid tó wà ní Bluff Cove ló yẹ kó wá pàdé rẹ̀, ìjì kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ó dúró títí, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó tú LCU méjì tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú bí ìdajì àwọn ọmọ ogun náà, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí San Carlos pẹ̀lú ìyókù kí ilẹ̀ tó mọ́. Lójú tiwa, òru yìí ni kókó ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ kékeré ni kò tó.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, Fitzroy àti Choiseul Sound

Ìdajì tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi Sir Galahad gbé. Ó dé Fitzroy ní òwúrọ̀, níbi tí Sir Tristram ti wà. LCU kan àti pèpéle afòlómi kan ni wọ́n ní láti kó ènìyàn àti ẹrù, ìlẹ̀kùn iwájú LCU náà sì bà jẹ́, kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ ogun jókòó nínú ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀ lójú ọjọ́ tó mọ́ kedere. Lọ́tẹ̀ yìí bọ́ǹbù bú. Ènìyàn 48 kú nínú Sir Galahad, 32 nínú wọn jẹ́ Welsh Guards. Méjì kú nínú Sir Tristram.

Lọ́jọ́ náà kan náà, Foxtrot Four ń gbé mọ́tò Land Rover tó ru rédíò 5 Brigade bọ̀ láti Goose Green. Skyhawk rí i ní Choiseul Sound lójú ọ̀sán. Ènìyàn mẹ́fà kú, Johnston wà lára wọn. Wọ́n gbìyànjú láti fà á, ó rì. LCU mẹ́ta ló kù fún Fearless.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà

Ajẹntínà túúbá ní Stanley. Inú Fearless ni wọ́n fi General Menéndez, olórí wọn, sí lẹ́yìn ìgbà náà.

Oṣù Keje

Ó padà dé Portsmouth pẹ̀lú Intrepid.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò

Wọ́n gbé Fearless jókòó láàárín ọdún 1985 sí 1990, wọ́n tún un ṣe, wọ́n yọ díẹ̀ nínú ìbọn àtijọ́, wọ́n sì fi Phalanx tó ń yìnbọn fúnra rẹ̀ sí i. Bọ́ílà kò yí padà. Ọdọọdún ni rírí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ń le sí i, òun ló sì kẹ́yìn nínú ọkọ̀ ojú omi ogun Bìrìtéènì tó ń fi oru omi rìn lórí omi. Intrepid ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọdún 1991 tó parí. Fearless ṣiṣẹ́ di oṣù Kẹta ọdún 2002. Ní ìparí ọdún 2007, wọ́n fà á lọ sí Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù láti gé e wó.

Albion tó rọ́pò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003. Ó tóbi jù ú lọ, ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì àti mànàmáná ló ń wà á nígbà iṣẹ́ rẹ̀, rédíò àti kọ̀ǹpútà sì pọ̀ nínú yàrá àṣẹ rẹ̀. Iye ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ tí wọ́n fún un nìkan ni kò lọ sókè: LCU mẹ́rin nínú dọ́ọ̀kì, LCVP mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́.